Báwo ni ṣúgà ṣe ń jáde nínú ewé ẹ̀gẹ́ tó fi ń dé gbòǹgbò? Iṣẹ́ wo ni àwọn purotéènì inú awọ sẹ́ẹ̀lì ń ṣe níbẹ̀?

OlùkọSS2

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kíláàsì SS2 ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ yìí kọ́, ìwé tó wà lọ́wọ́ wa kò sì kọjá gbólóhùn kan: ewé ń ṣe ṣúgà, phloem (iṣan tó ń gbé oúnjẹ kiri inú igi) ń gbé e lọ sí gbòǹgbò. Bí ṣúgà ṣe ń wọ inú phloem gan-an ni kò sọ. Níbòmíì wọ́n ní purotéènì ló ń gbé e. Wọ́n dárúkọ SWEET, wọ́n dárúkọ SUT, wọ́n tún mẹ́nu ba pọ́ǹpù kan tó ń jẹ ATP (ohun tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì).

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí ṣúgà kò lè dá gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá bíi ti ọ́síjìn? Kí ni ìyàtọ̀ SWEET sí SUT, kí sì ni ewé fẹ́ fi méjèèjì ṣe? Àyẹ̀wò wo làwọn ọmọ lè ṣe ní láàbù tí kò ní ẹ̀rọ olówó ńlá, tí wọ́n á fi rí i pé ṣúgà ń kúrò nínú ewé lóòótọ́? Èyí tó kẹ́yìn: àwọn àgbẹ̀ a máa sọ pé ẹ̀gẹ́ yọ ewé yọyọ ṣùgbọ́n kò ta. Ṣé ọ̀rọ̀ purotéènì yìí kan ìyẹn?

AwọSẹ́ẹ̀lì

Ẹ kú ìbéèrè o, Olùkọ́.

Ọ̀rá onípele méjì ni awọ sẹ́ẹ̀lì. Àárín rẹ̀, níbi tó ti jẹ́ kìkì ọ̀rá, kò nípọn ju nánómítà 3 tàbí 4 lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọ́síjìn kéré, kò sì ní ohun tó ń fa omi mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ kọjá. Súkúróòsì, ìyẹn ṣúgà tí igi ń gbé kiri, ní OH mẹ́jọ lára, omi sì dì mọ́ gbogbo wọn. Kó tó lè wọ inú ọ̀rá, ó gbọ́dọ̀ bọ́ omi yẹn sílẹ̀ pátá, agbára tí ìyẹn ń gbà sì pọ̀ débi pé ìwọ̀nba tó ń dá kọjá kò tó nǹkan. Purotéènì tó ń gbé ṣúgà ní ihò nínú; àwọn amino acid tó tò yí ihò náà ká ló ń di OH wọ̀nyẹn mú dípò omi. Kì í ṣí sí inú àti ìta lẹ́ẹ̀kan náà o. Á ṣí sí apá kan, ṣúgà á wọlé, á pa ibẹ̀ dé, á wá ṣí sí apá kejì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni ìbá jò dànù.

Ní ti ọ̀nà tí ṣúgà ń tọ̀: chloroplast, apá sẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn ṣe ṣúgà, kì í gbé súkúróòsì jáde. Lọ́sàn-án, triose phosphate (ṣúgà kékeré tí fọ́sífétì wà lára rẹ̀) ló ń gbé jáde, purotéènì TPT tó wà lára awọ rẹ̀ ló sì ń ṣe é. TPT kò ní gbé ẹyọ kan jáde láìgba fọ́sífétì kan wọlé. Nítorí náà, bí fọ́sífétì bá wọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì, ṣúgà á há sínú chloroplast, á sì di sítáàṣì níbẹ̀. Lálẹ́, sítáàṣì náà á fọ́ sí máltóòsì àti gúlúkóòsì. Purotéènì MEX1 ló ń gbé máltóòsì jáde. Ìta chloroplast ni wọ́n ti ń ṣe súkúróòsì.

Láti ibẹ̀, súkúróòsì á máa gba plasmodesmata, àwọn ojú ọ̀nà tóóró tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ sẹ́ẹ̀lì, títí á fi dé ẹ̀gbẹ́ iṣan ewé. Nínú àgbàdo, pòtétò, Arabidopsis (ewéko kékeré tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe ìwádìí) àti ẹ̀gẹ́, ọ̀nà yẹn kò bá a dé inú phloem. Ó gbọ́dọ̀ jáde sínú àlàfo ògiri sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn apoplast, kó tó tún wọlé sínú sẹ́ẹ̀lì tó ń bá phloem rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní companion cell. Jíjáde yẹn ni iṣẹ́ SWEET, wíwọlé ni iṣẹ́ SUT. Ẹ máa rí i pé ìwé míì ń pe SUT ní SUC. Ìdílé kan náà ni.

SWEET ń là awọ kọjá lẹ́ẹ̀méje. Kì í lo agbára kankan: ibi tí ṣúgà ti pọ̀ ló ti ń gbé e lọ síbi tó ti kéré. Ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde ìdílé purotéènì yìí. Ní 2012 ni wọ́n fi hàn pé SWEET11 àti SWEET12 ló ń tú súkúróòsì sílẹ̀ nínú ewé Arabidopsis. Nígbà tí wọ́n ba jíìnì méjèèjì jẹ́ pa pọ̀, sítáàṣì àti ṣúgà kún inú ewé, igi náà sì kéré.

SUT ń là á kọjá lẹ́ẹ̀méjìlá. Òun ń gbé súkúróòsì lọ síbi tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa tì í. H⁺ (proton, ẹyọ háídírójìn oníná rere) ni ohun náà: H⁺ kan, súkúróòsì kan, wọ́n jọ wọlé. Pọ́ǹpù tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀, H⁺-ATPase, ló ń fi ATP kan lé H⁺ kan jáde, tí apoplast fi ń wà ní nǹkan bíi pH 5.5 nígbà tí inú sẹ́ẹ̀lì wà ní nǹkan bíi 7.5, tí inú awọ sì ń ní iná òdì tó tó mílífóòtì 150. H⁺ fẹ́ pa dà wọlé lójú méjèèjì, SUT sì ni ọ̀nà tó rí. Ẹ kíyè sí i pé SUT fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan ATP. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n á kọ ọ́ pé SUT ń jẹ ATP, máàkì á sì lọ.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. SUT inú phloem ń di súkúróòsì mú dáadáa nígbà tí kò tíì ju nǹkan bí 1 mM (mílímólà, ìwọ̀n bó ṣe pọ̀ tó nínú omi) lọ. SWEET ń fẹ́ kó ju 10 mM lọ dáadáa kó tó ṣiṣẹ́ dé ìdajì agbára rẹ̀. Ìyẹn bá ibi tí kálukú wọn wà mu: sẹ́ẹ̀lì tó ń tú ṣúgà jáde kún fún un, àlàfo tí SUT ti ń ṣà á kò ní púpọ̀.

OlùkọSS2

Ẹ ṣé gan-an ni. Ohun kan ló kù tó ń dà mí láàmú. Bí SWEET bá lè gbé ṣúgà lọ síbi tó ti kéré, ṣé ṣúgà tí SUT ti kó jọ sínú phloem kò ní tún gba ojú SWEET pa dà síta?

AwọSẹ́ẹ̀lì

Ìbá pa dà tó bá jẹ́ pé orí awọ kan náà ni wọ́n wà. Nínú ewé Arabidopsis, sẹ́ẹ̀lì phloem parenchyma ni SWEET11 àti 12 wà. Ara companion cell ni SUC2 wà. Awọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ ya á bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ: sẹ́ẹ̀lì kan lápá òsì tó ní SWEET, àlàfo láàárín, sẹ́ẹ̀lì kejì lápá ọ̀tún tó ní SUT àti pọ́ǹpù. Ẹ kọ pH sí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá kó gbogbo purotéènì sórí awọ kan ṣoṣo, bí ọ̀pọ̀ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣe, ìbéèrè yín yìí ni kò ní ní ìdáhùn.

Ìṣirò_Ewéko

Fún àwọn tó fẹ́ mọ bí agbára yẹn ṣe pọ̀ tó. Ní 25°C, ìyàtọ̀ pH kan jẹ́ mílífóòtì 59. Ìyàtọ̀ 2 jẹ́ 118. Ẹ fi 150 ti iná awọ kún un, ó di 268. Ẹ pín in sí 59, ẹ óò rí 4.5. Ìyẹn ni pé bí H⁺ kan bá ń bá súkúróòsì kan wọlé, súkúróòsì inú lè pọ̀ tó ti ìta lọ́nà nǹkan bí 35,000 kí títì náà tó tán. Igi kì í dé ibẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé àyè wà dáadáa.

Nínú oje phloem igi lárà, wọ́n ti wọn súkúróòsì tó tó 270 mM, ìyẹn gíráàmù 92 nínú lítà kan, pH oje náà sì wà ní àyíká 8. Ní 27°C, súkúróòsì yẹn nìkan tó láti fa omi wọlé títí ìfúnpá á fi dé 0.67 MPa, bí ìlọ́po mẹ́ta ti inú táyà ọkọ̀ kékeré. Ìfúnpá yìí ló ń ti oje láti ewé lọ sí gbòǹgbò, bí Ernst Münch ará Jámánì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ní 1930. Kò sí purotéènì kankan tó ń fa oje lọ lójú ọ̀nà. Àwọn purotéènì inú ewé ló ń ṣe ìfúnpá, omi ló ń ṣe ìyókù.

Iye owó rẹ̀ ńkọ́? Súkúróòsì kan, bí igi bá jó o tán nínú mitochondria, á mú nǹkan bí ATP 60 wá. Kíkó o wọ phloem gba ATP kan ṣoṣo lójú awọ SUT. Ó dùn mọ́ni pé owó rẹ̀ kéré báyẹn, àmọ́ bí ATP ọ̀hún bá wọ́n, gbogbo ọjà ló dúró.

LáàbùÌgbèríko

Ní ti àyẹ̀wò, áyódíìnì lẹ nílò, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ẹ já ewé ẹ̀gẹ́ kan ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ tí oòrùn ràn. Ẹ já èkejì tó jọ ọ́ lórí igi kan náà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí oòrùn tó kàn án. Ẹ sè wọ́n nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú kan, kí sẹ́ẹ̀lì kú, kí ohun tó ń fọ́ sítáàṣì má bàa máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ ṣí fèrèsé o: ewé ẹ̀gẹ́ ń tú sáyánáìdì jáde bẹ́ ẹ bá ń sè é, ẹ má ṣe é nínú yàrá tó sé mọ́lé. Ẹ wá kó wọn sínú sípíríìtì, ẹ gbé ife sípíríìtì náà sínú ìkòkò omi gbígbóná tí ẹ ti gbé kúrò lórí iná. 78°C ni sípíríìtì ti ń hó, ó sì tètè ń gbiná. Ẹ má gbé e ka sítóòfù láéláé. Bí àwọ̀ ewé bá ti funfun, ẹ fi omi gbígbóná ṣan ewé kó rọ̀, torí sípíríìtì máa ń jẹ́ kó gan, kó sì máa ṣẹ́. Ẹ da áyódíìnì lé e: potassium iodide gíráàmù 2 nínú omi díẹ̀, ẹ fi áyódíìnì gíráàmù 1 sí i, ẹ rò ó títí á fi yọ́, ẹ wá fi omi kún un dé mílílítà 300. Bẹ́ ẹ bá da áyódíìnì sínú omi lásán láìkọ́kọ́ fi potassium iodide sí i, kò ní yọ́, ẹ óò kàn máa wo èérún tó sùn sí ìsàlẹ̀ ife.

Ewé ìrọ̀lẹ́ á dúdú bí aró. Ti àárọ̀ á mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sítáàṣì tó kúrò yẹn ni MEX1 àti SUT ti kó lọ lóru, yàtọ̀ sí èyí tí ewé fúnra rẹ̀ jẹ. Láti fi hàn pé phloem ló gbé e, ẹ bó èèpo igi yí ká ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì nísàlẹ̀ ẹ̀ka kan, kẹ́ ẹ dé ara igi funfun, kẹ́ ẹ sì ha á dáadáa. Ewé òkè ibẹ̀ á ṣì dúdú ní àárọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá kù tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́: ṣúgà á gba ojú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ṣúgà fúnra rẹ̀, kó gé ọ̀pá ewé lábẹ́ omi EDTA 20 mM, pH 7. EDTA ń di kálísíọ́mù mú. Láìsí kálísíọ́mù, phloem kò ní lè fi callose di ojú ọgbẹ́. Wákàtí kan nínú EDTA nínú òkùnkùn, kẹ́ ẹ bo ewé náà mọ́ inú ọ̀rá tó ní ọ̀rinrin kó má bàa fa omi náà mu. Lẹ́yìn náà ẹ ṣan ọ̀pá ewé, ẹ gbé e sínú omi lásán mílílítà 2 títí ilẹ̀ á fi mọ́. Omi kejì yìí lẹ máa yẹ̀ wò. Ẹ má lo ti EDTA, nítorí EDTA á di bàbà inú Benedict (omi búlúù tí a fi ń yẹ ṣúgà wò) mú, àyẹ̀wò á sì bàjẹ́.

Benedict kò ní yí padà fún súkúróòsì o, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rò pé kò sí nǹkan nínú omi náà. Ẹ pín omi sí méjì. Apá kan, ẹ fi Benedict sí i bẹ́ẹ̀. Apá kejì, ẹ kán HCl tó ti là sí i díẹ̀, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú méjì, kó tutù, ẹ máa fi sodium bicarbonate sí i díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní ru mọ́, kẹ́ ẹ tó fi Benedict sí i. Ásíìdì tó bá ṣẹ́ kù á pa Benedict. Bí ti àkọ́kọ́ bá dúró ní búlúù, tí ti kejì sì pọ́n tàbí kó yí sí àwọ̀ ọsàn, súkúróòsì lẹ rí. Bí ti àkọ́kọ́ náà bá pọ́n, sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀bẹ gé ló ń jò, tàbí kí ẹ́ńsáìmù invertase ti gé súkúróòsì; ẹ tún un ṣe pẹ̀lú abẹ tó mú.

Pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, oje funfun tó ń jáde lójú ọgbẹ́ kì í ṣe oje phloem. Látẹ́ẹ̀sì ni, iṣan tirẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ ṣan án kúrò kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀pá ewé sínú omi kejì.

Àgbẹ̀OníÌwé

Ẹ jẹ́ n dáhùn ti ẹ̀gẹ́ tí kò ta.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe purotéènì inú ewé ló jẹ̀bi. Ewé tuntun ń gba ṣúgà wọlé kó tó di pé òun náà á máa rán an jáde. Bí nitrogen bá pọ̀ jù, igi á máa yọ ewé lórí ewé, ṣúgà á máa lọ sókè dípò ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ ìbòòji kò ní ṣúgà púpọ̀ láti rán lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ purotéènì ti wọ̀ ọ́ ni pọ́tásíọ́mù àti magnésíọ́mù. Pọ́ǹpù H⁺ kì í jẹ ATP lásán, ATP tí magnésíọ́mù so mọ́ ló ń jẹ. Bí magnésíọ́mù bá tán, pọ́ǹpù á rẹ̀ sílẹ̀, SUT kò ní rí ohun tó ń tì í, súkúróòsì á há sínú ewé. Ẹ óò rí i lára ewé ìsàlẹ̀, àwọn tó ti dàgbà: àárín iṣan kan sí èkejì á yí sí àwọ̀ yẹ́lò, iṣan fúnra rẹ̀ á ṣì wà ní àwọ̀ ewé. Bí pọ́tásíọ́mù bá tán, etí ewé àgbà ló máa ń yí sí àwọ̀ yẹ́lò, á sì jó. Pọ́tásíọ́mù ń bá iná awọ phloem dúró, ó sì wà lára ohun tó ń fa omi wọlé. Àyẹ̀wò áyódíìnì tí LáàbùÌgbèríko ṣàlàyé á fi èyí hàn: ewé àárọ̀ igi tí ebi ń pa á ṣì dúdú.

NPK 15-15-15 àpò kílò 50 kò ní ju kílò 7.5 pọ́tásíọ́mù lọ bí wọ́n ṣe ń kà á lára àpò, ìyẹn K₂O. Àpò muriate of potash kílò 50 ní nǹkan bíi kílò 30. Ẹ̀gẹ́ ń kó pọ́tásíọ́mù púpọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá wú u, ẹni tó bá ń gbin ẹ̀gẹ́ lé ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ yanrìn kò yẹ kó gbójú lé 15-15-15 nìkan. Àmọ́ kí ó má dà á bí ẹni da iyanrìn: pọ́tásíọ́mù tó bá pọ̀ jù ń dí gbòǹgbò lọ́wọ́ láti fa magnésíọ́mù, ẹ óò kúrò nínú ìṣòro kan bọ́ sínú èkejì. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra àpò.

Nísàlẹ̀, nínú gbòǹgbò tó ti ń sanra, plasmodesmata ni súkúróòsì fi ń jáde kúrò nínú phloem. Ohun tó ń fà á níbẹ̀ ni pé gbòǹgbò ń sọ ọ́ di sítáàṣì kíákíá, kó má bàa kún ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífi SUT kún gbòǹgbò nìkan kò fi dá mi lójú pé á mú ẹ̀gẹ́ ta.

Bakitéríà_Ẹ̀gẹ́

SWEET kan wà tó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ mọ̀: MeSWEET10a. Bakitéríà Xanthomonas tó ń fa àrùn bacterial blight lára ẹ̀gẹ́ ń gún purotéènì tirẹ̀, TAL20, wọ inú sẹ́ẹ̀lì ewé. TAL20 á lọ sínú nucleus, á dì mọ́ iwájú jíìnì MeSWEET10a, á sì tan án níbi tí kò yẹ kó tàn. Sẹ́ẹ̀lì á wá máa tú ṣúgà sínú àlàfo ògiri, ibẹ̀ gan-an sì ni bakitéríà ń gbé.  Ohun kan náà ni ìbátan rẹ̀ ń ṣe sí ìrẹsì, OsSWEET11, 13 àti 14 ló ń tàn níbẹ̀. Ní 2019 wọ́n kéde ìrẹsì tí wọ́n ti tún iwájú jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tí àwọn purotéènì TAL ti bakitéríà náà kò fi rí ibi dì mọ́. Ní 2023 wọ́n kéde ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi methyl (kẹ́míkà kékeré kan tó ń lẹ̀ mọ́ DNA) bo iwájú MeSWEET10a, àrùn náà sì dín kù lára rẹ̀.

Lóko, àmì rẹ̀ ni àbààwọ́n onígun lára ewé tó dà bí ibi tí omi rin, tí ẹ bá gbé ewé sókè sí oòrùn. Lẹ́yìn náà ewé á rọ, orí igi á kú wálẹ̀, gọ́ọ̀mù á sì máa yọ lára igi tútù. Ẹ má ṣì í mú fún mosaic: kòkòrò àìfojúrí míì ni ti mosaic, eṣinṣin funfun ló ń gbé e kiri, ewé á sì lọ́, kì í rin. Oògùn olú (fungicide) kò lè wo àrùn bakitéríà yìí. Igi tí àrùn kò sí lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé fún gbíngbìn, kẹ́ ẹ fi omi hypo nu àdá láti igi kan sí èkejì.

Ìṣirò_Ewéko

Àfikún kan fún Olùkọ́. Ẹ má lo ewé elégédé tàbí mẹ́lọ́ọ̀nù fún àlàyé SUT. Nínú àwọn ìyẹn, plasmodesmata kò já lẹ́bàá iṣan. Súkúróòsì ń gba ojú rẹ̀ wọlé tààrà, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á sì so gálákítóòsì mọ́ ọn di raffinose àti stachyose, tó tóbi jù láti gba ojú ọ̀nà kan náà pa dà. Bẹ́ ẹ bá gé ọ̀pá ewé elégédé fún àyẹ̀wò EDTA, oje rẹ̀ á dì bí jẹ́lì lójú ọgbẹ́ ní kété tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ẹ̀gẹ́ tàbí lárà ni kẹ́ ẹ lò.